Ẹkún Tó Ṣìnà Nínú Fíìmù Alága

Obìnrin kan wà tó ń fi orin ṣíṣe fún fíìmù jẹun. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àwọn tó ń ṣe fíìmù ń pè é, torí pé orin rẹ̀ kì í pariwo. Yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ wà lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta táyà, ó sì ti mọ ìgbà tí òòlù ìsàlẹ̀ fẹ́ dún kó tó fọwọ́ kan dùùrù. Dùùrù ọ̀hún, kọ̀ǹpútà kan, àga kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, pẹ̀lú aṣọ nínípọn tó fi dí fèrèsé, ìyẹn náà ni gbogbo ohun èlò rẹ̀. Tó bá nílò fáólíìnì tàbí fèrè, á ránṣẹ́ pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé orin inú fíìmù dà bí àlejò tó mọ ìwà hù: kì í jókòó kí onílé tó jókòó, kì í sì í jẹun ju onílé lọ. Tí òṣèré bá ń sunkún, kí orin fi í sílẹ̀. Ìgbà tí òṣèré bá ń tiraka kó má baà sunkún ni kí orin rọra wọlé, kó bá a gbé ẹrù náà lápá kan. Ọkọ rẹ̀, dókítà eyín, ló fi ń dán iṣẹ́ wò. Bí ọkùnrin náà bá ń fọ àwo nílé ìdáná, Jẹ́jẹ́ á gbé fíìmù síbi tí ojú rẹ̀ á tó o, á wá máa ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí ọkọ bá yíjú padà pé orin yìí mà dùn o, orin ti bàjẹ́ nìyẹn, Jẹ́jẹ́ á lọ tún un ṣe. Àmọ́ bí kò bá sọ nǹkan kan, tí ọwọ́ rẹ̀ kàn ń rọ díẹ̀díẹ̀ lórí àwo títí tó fi dúró, tí omi ẹ̀rọ ń ṣàn dànù, orin ti débi tó ń lọ. Omi kì í pẹ́ tán nílé wọn.

Ó wá di ọjọ́ kan, Alága ránṣẹ́ pè é. Alága yìí ló ni ilé iṣẹ́ fóòmù tí ìdajì ìlú ń sùn lé. Ó ti lówó, ó ti lọ́lá, ó ti yọ ikùn. Ohun kan ṣoṣo tí kò tíì ní ni kí àwọn èèyàn sunkún nítorí rẹ̀. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá dúró di ọjọ́ tí òun bá kú, òun ò ní sí níbẹ̀ láti rí ẹni tó sun ún àti ẹni tí kò sun ún. Ìdí nìyẹn tó fi ní kí wọ́n fi ìgbésí ayé òun ṣe fíìmù.

Àga inú ọ́fíìsì Alága rọ̀ débi pé ẹni tó bá jókòó sí i á rì wọnú rẹ̀, orúnkún rẹ̀ á wá ga ju àyà rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó lè bá èèyàn jiyàn láti inú irú àga bẹ́ẹ̀. Olùdarí fíìmù náà ti rì sínú ọ̀kan kí Jẹ́jẹ́ tó dé, gíláàsì dúdú rẹ̀ wà lórí irun, ó ń dáhùn "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" kí ọ̀rọ̀ tó jáde tán lẹ́nu Alága. Bẹ́ẹ̀-Ni ni àwọn òṣèré ń pè é tí kò bá sí nítòsí.

Alága ṣàlàyé ohun tó fẹ́. Níbi tí òun ti sùn sórí ilẹ̀ lásán, kí àwọn èèyàn sunkún. Níbi tí ebi ti pa òun, kí wọ́n sunkún. Níbi tí bàǹkì ti kọ̀ láti yá òun lówó, kí wọ́n sun ún gidigidi, kí ojú ti òṣìṣẹ́ bàǹkì tó bá wà láàárín wọn.

"Mo fẹ́ kí háńkáṣíìfù wọ́n lọ́jà," ni Alága wí.

Jẹ́jẹ́ gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ láti inú ihò tó rì sí. Ó ní ẹkún dà bí ológbò, tí èèyàn bá ń pè é kì í wá. Alága ní òun ò rí ológbò tí wọ́n fi ẹja hàn tí kò wá rí. "Ẹja yẹn gan-an ni mo ní kí ẹ fi orin ṣe." Bẹ́ẹ̀-Ni ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí Jẹ́jẹ́ gbé fíìmù náà dé yàrá rẹ̀, ó pa ohùn rẹ̀, ó ń wo àwòrán nìkan. Òṣèré tó ṣe Alága rẹwà, ó fi orí kan ga ju Alága lọ, ó sì ń da omijé bí ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́. Ó sunkún lórí ilẹ̀, ó sunkún nínú ebi, ó sunkún dé bàǹkì. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Eléyìí kò ríran rárá, díẹ̀ ló kù kó kọ lu kámẹ́rà. Jẹ́jẹ́ wá ibi tí orin lè gbà wọlé, kò rí. Ilé ti kún.

Ó wá kan ibì kan tí fíìmù ti padà sí ìgbà tí Alága àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lọ́mọdé. Ìyá àwọn ọmọ náà sọ pé agbára òun ò gbé ọmọ méjì nílé ìwé, pé ọ̀kan ní láti fi í sílẹ̀. Níwájú, ọmọ tó ṣe Alága ní kékeré ń ka ọ̀rọ̀ gígùn nípa bí òun ṣe máa di èèyàn ńlá láyé. Lẹ́yìn, níbi tí iná ò mọ́lẹ̀ dé, ọmọ tó ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ká aṣọ ilé ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ fún àbúrò. Kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó ká a tán, ó fọwọ́ tẹ́ kọ́là rẹ̀, ó tún un tẹ́, ó gbé e lé orí àpótí. Kò jọ pé ẹnikẹ́ni ló ní kí ọmọ náà tún kọ́là yẹn tẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Jẹ́jẹ́ dá fíìmù padà, ó tún un wò. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ṣe orin kékeré kan fún ọwọ́ ọmọ tó wà lẹ́yìn, kò ṣe é fún ẹnu ọmọ tó wà níwájú. Ohùn mẹ́ta péré ni, lórí okùn fáólíìnì tó nípọn jù, wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ẹrù wúwo láìfẹ́ kó dún. Etí á wá máa retí ìkẹrin, ìkẹrin ò ní dé. Lẹ́yìn ìyẹn, ibikíbi tí ẹ̀gbọ́n yẹn bá ti gba ẹ̀yìn kọjá nínú fíìmù, tó ru igi tàbí tó gbé omi, Jẹ́jẹ́ á fi ohùn mẹ́ta náà kàn án lẹ́ẹ̀kan, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni fi ìka kan èjìká. Nígbà tó dán an wò nílé ìdáná, ọkọ rẹ̀ ò fọ àwo kan ṣoṣo parí. Ohun tó béèrè ni pé ta ni ọmọ tó wà lẹ́yìn yẹn. Inú Jẹ́jẹ́ dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ló fọ àwo.

Kò fi nǹkan du Alága o. Gbogbo ibi tó ní kí wọ́n ti sunkún ló da fáólíìnì sí bí ẹni da omi sí gààrí. Nígbà tí Alága wá gbọ́ ọ, ó dijú, ó ń mi orí. Ẹni tó bá sì dijú kì í rí ẹ̀yìn àwòrán. Nígbà tó kan ibi kíká aṣọ, ó lajú, ó ní kí ló dé tí orin ibí yìí fi lọ sílẹ̀ báyìí.

"Kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ yín ketekete ni, Alága," ni Jẹ́jẹ́ dá a lóhùn.

Irọ́ kọ́, kì í sì í ṣe òótọ́ tó délẹ̀. Alága yìn ín, ó ní obìnrin tó mọṣẹ́ rẹ̀ nìyí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà han aráyé, Alága pín háńkáṣíìfù tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí igun kan. Ó kan ibi ilẹ̀ lásán, ẹnì kan ń tú bébà súìtì. Ó kan ebi, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí wọ́n máa lọ jẹun. Ó kan bàǹkì, gbogbo fáólíìnì ayé ń ké, ọkùnrin kan sì ń hanrun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan ibi aṣọ ilé ìwé, gbọ̀ngàn náà pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni imú bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri, ní ìlà dé ìlà. Alága yí ọrùn padà láti wò wọ́n, inú rẹ̀ ń dùn. Ó rò pé ọ̀rọ̀ gígùn tó wà lẹ́nu ọmọ yẹn ló ń pa wọ́n lẹ́kún.

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà láti gba ìkíni. Ìyá kan tí ojú rẹ̀ ti wú di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n yẹn ńkọ́, sà?" ló ní. "Ṣé ó ṣì wà láyé?"

Ohun tí ẹni tó wà lẹ́yìn ìyá náà béèrè nìyẹn, òun náà ni ti ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwé ìròyìn gbé e jáde lọ́jọ́ kejì: Ẹ̀gbọ́n Dà? Alága pe Jẹ́jẹ́ padà sínú àga rírọ̀ yẹn, ó ní kó fi orin kún àwọn ibi ẹkún tòun. Jẹ́jẹ́ ní bí èèyàn bá fi kún un, á dín kù ni. Alága ní irú ìṣirò wo nìyẹn. Wọ́n bá fi fèrè ńlá sí i, ọ̀pọ̀ fèrè, níbi tí òṣèré ti jókòó ti abọ́ òfìfo. Nílé sinimá kejì, nígbà tí fèrè náà bú jáde, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi di ara wọn mú. Wọ́n wá rọra nu ojú wọn de ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀hún wà láyé, ara rẹ̀ sì le. Ìlú kan náà ni òun àti Alága ń gbé. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lójú ọ̀nà tóóró kan, níbi tó ti ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe. Ìjà kankan ò sí láàárín òun àti àbúrò rẹ̀. Bí ọdún bá yípo, dírẹ́bà Alága á gbé ẹ̀bùn wá. Bí wọ́n bá pàdé, àbúrò á ní "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ẹ̀gbọ́n á ní "Ẹ ṣeun, sà," olúkúlùkù á sì bá tirẹ̀ lọ. Ìbọ̀wọ̀ pọ̀ láàárín wọn bíi ti ẹni méjì tí kò mọ ara wọn rí.

Nígbà tí ẹnu aráyé ò wá dákẹ́, Alága ra ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì gíga fún un, ó kó àwọn oníròyìn lẹ́yìn lọ síbẹ̀. Oníyàwòrán ní kí wọ́n dì mọ́ ara wọn. Wọ́n dì mọ́ ara wọn. Ó ní iná ò dáa, kí wọ́n tún un dì. Fóòmù tí wọ́n tẹ́ sí yàrá ẹ̀gbọ́n náà ga débi pé àpótí ló ń gùn kó tó débẹ̀. Kò tíì sùn níbẹ̀ dáadáa tó fi já bọ́, ó sì padà sórí ẹní rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò tún rọgbọ mọ́. Àwọn tí kò ní maṣíìnì nílé ń wá wò ó. Wọ́n á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní "Pẹ̀lẹ́ o, bàbá," ojú wọn á rọ́. Obìnrin kan jókòó sórí àga oníbàárà láàárọ̀, ó sunkún títí di ọ̀sán, kò sì ra bọ́bìnnì òwú kan. Tíṣà kan wá láti kọ́ ọ ní A, B, D lọ́fẹ̀ẹ́. Bàbá náà ní òun mọ̀wé kà, tíṣà gbá èjìká rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kò sóhun tó ń tini lójú níbẹ̀. Ìyẹn ló mú kó ti ilẹ̀kùn. Ó lọ bá Bẹ́ẹ̀-Ni, ó bi í pé ta ló fi òun ṣe irú èyí, ṣé òun olùdarí ni àbí olórin. Bẹ́ẹ̀-Ni ní bẹ́ẹ̀ ni, olórin ni.

Bó ṣe gun àkàsọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi táyà nìyẹn, ọkùnrin kúkúrú tó le koko, òróró maṣíìnì ní èékánná rẹ̀. Jẹ́jẹ́ mọ ẹni tó jẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó fún un ní àga.

"Ṣé ìwọ lò ń fi orin pa àwọn èèyàn lẹ́kún nítorí mi?"

"Èmi ni, bàbá."

"Kí ni mo ṣe fún ẹ?"

Bàbá ní kó fi ibẹ̀ han òun, torí òun ò tíì wo fíìmù náà. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń rò ó fún òun ní ṣọ́ọ̀bù. Jẹ́jẹ́ gbé e sí i. Nígbà tí ohùn mẹ́ta náà sọ̀ kalẹ̀, omi lé róró sójú bàbá. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, inú bí i sí ara rẹ̀.

"Ó ká mi lára," ló wí. "Ẹni yòówù kí wọ́n ṣe é fún, ó ṣeni láàánú. Àmọ́ èmi kọ́ nìyẹn. Èmi ò fẹ́ràn ilé ìwé láyé mi, ọmọ mi. Lọ́jọ́ tí màmá wa sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ńṣe ni inú mi ń fò bí ewúrẹ́ tó já okùn."

Jẹ́jẹ́ béèrè nípa kọ́là.

"Kọ́là wo? Kíá ni mo ká aṣọ ọ̀hún, kí màmá má baà yí ọkàn padà."

Jẹ́jẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Gbogbo aláǹgbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Òun ti yan aláǹgbá tirẹ̀, ó ti po oògùn fún un, gbogbo ìlú sì ti bá a gbé ife oògùn lé e lẹ́nu. Ó ti ń fi Alága rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ yìí wá pé ó fẹ́ fipá gba ẹkún. Òun náà ló fi ẹkún ara rẹ̀ rán ẹ̀wù fún ọkùnrin tí òun kò wọn ara rẹ̀ wò. Nígbà tó yá, ó béèrè pé ṣé kò wá sí ohun tó dun bàbá nínú ọ̀rọ̀ náà rárá ni.

Bàbá ní ó wà. Ó ní ọ̀sán ni.

Kí àbúrò òun tó máa dá lọ ilé ìwé, àríyànjiyàn ni àwọn méjèèjì ń fi ojoojúmọ́ ṣe. Ṣé òṣùpá ló ń tẹ̀ lé wa ni, àbí àwa là ń tẹ̀ lé e? Ṣé ẹja máa ń sùn? Wọ́n á jà á títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sẹ́ni tó máa ń borí. Nígbà tí àbúrò wá ń dá lọ, ọ̀sán gùn, kò sẹ́ni tó máa sọ pé irọ́ ni. Ó burú jù nígbà tó bá dé.

"Tí mo bá sọ̀rọ̀, á ní tíṣà ti sọ bó ṣe rí. Ó tán nìyẹn. Ìgbà tó wá di ọlọ́lá, ó tún burú sí i. Gbogbo ohun tí mo bá wí, 'Ẹ ò jẹ̀bi, sà.' Mo sọ lọ́jọ́ kan pé ẹja kì í sùn, kí n fi wò ó. Ó ní, 'Ẹ ò jẹ̀bi, sà.'" Ó dìde. "Bá mi yọ ẹkún yẹn kúrò, jọ̀ọ́. Mo fẹ́ ṣiṣẹ́."

Fíìmù náà ń múra láti dé orí tẹlifíṣọ̀n lásìkò yẹn. Jẹ́jẹ́ ní òun fẹ́ tún orin rẹ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀-Ni ní bẹ́ẹ̀ ni. Inú Alága dùn jù wọ́n lọ. Ó ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n yọ ọ́ tigbòǹgbòtigbòǹgbò.

Jẹ́jẹ́ ṣí gbogbo ohùn mẹ́ta yẹn kúrò. Ní ibi kíká aṣọ, ó fi fèrè kékeré sí i, tó ń yára bí ọmọ tó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tí kò lè dúró mọ́, kọ́là tí ọmọ náà ń tẹ́ sì wá jọ ti ẹni tó ń fẹ́ kí wọ́n tètè gbà á lọ́wọ́ òun. Lẹ́yìn ibẹ̀, àwòrán kékeré kan wà tí gbogbo wọn ti kà sí àlàfo lásán: ọmọ náà jókòó sí ìdí ògiri lọ́sàn-án, ó ń wo ọ̀nà. Fèrè kan náà ló fi síbẹ̀. Ó ní kó gbóhùn sókè bí ẹni tó bi èèyàn ní ìbéèrè, kó dúró, kó tún bi í ní ohùn tó lọ sílẹ̀ díẹ̀. Ohun èlò kankan ò dá a lóhùn. Ìbéèrè náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ Jẹ́jẹ́ di wèrè. Bó bá ṣe é lónìí, á jọ ẹkún. Bó bá ṣe é lọ́la, á jọ àwàdà. Nígbà tó gún régé tán, ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín níbi aṣọ; níbi ògiri, ó gbé àwo sílẹ̀, ó ní kí òun pe àbúrò òun lórí fóònù ná. Wọ́n jà lórí fóònù ọ̀hún nítorí bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n gbá ní kékeré, omi sì kún ilẹ̀ ilé ìdáná.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gbé e jáde, kò sẹ́ni tó sunkún. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa fíìmù sínú ìwé ìròyìn ní ọwọ́ Jẹ́jẹ́ ti gbẹ. Ọ̀kan tó ti pe orin àkọ́kọ́ ní kànga ìbànújẹ́ kọ ọ́ báyìí pé kànga ọ̀hún ti di ife omi. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, àwọn aláàánú yé yà ní ṣọ́ọ̀bù, maṣíìnì tún bẹ̀rẹ̀ sí í dé.

Alága wo tirẹ̀ nílé. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ pé nígbà tó kan ibi ògiri yẹn, ọkọ òun na rìmóòtù síwájú bí ẹni tó fẹ́ yí ìkànnì padà, kò yí i, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lókè bẹ́ẹ̀ títí fíìmù fi parí. Nígbà tó ṣe, ó ní kí dírẹ́bà gbé òun lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni mú kámẹ́rà.

Dírẹ́bà ló ròyìn ìyókù. Ó ní Alága jókòó sórí páálí tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ní "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ẹ̀gbọ́n náà ní "Ẹ ṣeun, sà." Ẹ̀gbọ́n ń yí nọ́ọ̀tì maṣíìnì kan. Láìgbójú sókè, ó ní tíṣà wọn ọjọ́sí, èyí tó ń tiro, ẹsẹ̀ òsì ló fi ń tiro.

"Ẹ ò jẹ̀..." ni Alága bẹ̀rẹ̀, ó bá gbé e mì. Ó ronú. "Ọ̀tún ni."

"Òsì ni."

"Bọ̀dá, ọ̀tún ni. Ẹ ò lọ pẹ́ níbẹ̀, báwo lẹ ṣe fẹ́ mọ̀?"

"Òun ló lé mi dé ilé. Mo wẹ̀yìn títí mo fi délé."

Wọ́n jà á títí àwọn aládùúgbò fi ń tilẹ̀kùn. Dírẹ́bà ní Alága bínú wọ ọkọ̀, ó ń sọ ọ́ lẹ́nu láti ibẹ̀ dé ilé pé ọ̀tún ni, ojú rẹ̀ sì ń dán. Lọ́jọ́ kejì, kó tó mu tíì, ó ti ní kí wọ́n gbé òun padà.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, ẹgbẹ́ àwọn onífíìmù fún Alága ní àmì ẹ̀yẹ. Wọ́n ní ti ìrẹ̀lẹ̀ ni, torí ó fi owó ara rẹ̀ ṣe fíìmù tí ọkàn àwọn èèyàn fi lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Alága wọ aṣọ funfun wá. Ó di gbohùngbohùn mú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olùdarí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣèré, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ bàǹkì tó kọ̀ ọ́. Ó wá ní orin inú fíìmù náà, ti àkọ́kọ́ àti ti ìkejì, òun fúnra òun ló rò ó jáde. Òun kàn ní kí obìnrin kan bá òun tẹ̀ ẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀-Ni mi orí. Jẹ́jẹ́ tó jókòó lẹ́bàá ògiri ń wo bàtà rẹ̀.

Ẹnì kan dìde láàárín èrò. Ẹ̀gbọ́n Alága ni.

"Irọ́ ni," ló wí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbọ́. "Ìwọ wo? O ò gbọ́ orin. Láti kékeré wa, o ò lè súfèé."

Àwọn tó ṣètò ayẹyẹ náà ń wo ara wọn, wọn ò mọ̀ bóyá kí wọ́n pe ẹ̀ṣọ́. Alága dúró pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ lábíyá.

"Mo lè súfèé," ló dáhùn.

"O ò lè súfèé."

"Bọ̀dá, mo ní mo lè súfèé."

Ó gbé àmì ẹ̀yẹ kalẹ̀. Ó pọ́n ètè lá, ó ká ẹnu jọ níwájú gbohùngbohùn, ó fẹ́ ẹ. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde, pẹ̀lú itọ́ díẹ̀. Ó tún un fẹ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ pọ́n, ohùn tín-ín-rín kan já jáde, ó sì kú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nàka sí i, ó ń yí kiri láti wá ẹlẹ́rìí láàárín àwọn tó jókòó. Jẹ́jẹ́ sì ń rẹ́rìn-ín, ó fi ìborùn dí ẹnu, títí obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi fi ìgúnpá kàn án pé kó dákẹ́, pé Alága kò tíì parí.